Próstéètì tó ń wú lọ wú bọ̀: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó tún gbé antibáyótíìkì mì

Ẹni tí ò bá ṣe rí ò lè mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹ máa jókòó, á dà bíi pé ẹ jókòó lé òkúta róbótó kan, láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí níbẹ̀ yẹn gan-an, ẹ máa sún sí apá ọ̀tún, òkúta á bá yín sún, ẹ máa dìde lọ tọ̀, á ta yín lẹ́nu ibẹ̀, ẹ máa padà wá jókòó, kó tó tó ogún ìṣẹ́jú ìtọ̀ tún ti ń gbọ̀n yín.

Ọdún kẹfà rèé témi àti wíwú próstéètì yìí ti jọ wà. Láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n kọ antibáyótíìkì fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹfà yẹn náà ni mo lò ó, kò sì sí ìgbà kankan tẹ́nì kan gba ìtọ̀ mi lọ sí láàbù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì. Ara máa ń yá mi díẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, inú mi á dùn, tó bá tó oṣù méjì ó tún ti dé. Torí náà ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ò ju ẹyọ kan lọ: tó bá tún padà dé, ẹ má kàn gbà pé kòkòrò ló padà dé. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe kòkòrò rárá. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tọ́jú ohun tó ń ṣe yín gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá ni. Mi ò kì í ṣe dókítà o, aláìsàn tó ti fara balẹ̀ kàwé nípa àìsàn ẹ̀ ni mí, oògùn yòówù tí mo bá dárúkọ níbí, dókítà tó mọ̀ yín ló máa kọ ọ́ fún yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú èyí tó ń ṣe yín

Próstéètì ò tóbi, kò ju awùsá kan lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, níwájú ibi tí ìgbẹ́ ń gbà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Òun ló ń ṣe lára omi tó máa ń dà pọ̀ mọ́ àtọ̀. Ẹ wá rí i pé tí ibẹ̀ bá ti ń yọni lẹ́nu, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ìbálòpọ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa kàn.

Mẹ́rin ni àwọn dókítà pín in sí, ìpín tí NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1995 ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Àkọ́kọ́ ni èyí tó dé lójijì, kòkòrò ló ń fà á, ara á gbóná, òtútù á máa mú èèyàn, ìtọ̀ á máa ta á, aláìsàn á mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ìkejì ni èyí tí kòkòrò sá pa mọ́ sínú próstéètì, tó máa ń jáde wá fa àìsàn ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmì tẹ́ ẹ fi máa dá a mọ̀ ni pé kòkòrò kan náà ni láàbù máa ń rí ní gbogbo ìgbà tó bá dé. Ìkẹta ni ìrora tó ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán láàárín oṣù mẹ́fà, tí wọ́n wá a tí wọn ò rí kòkòrò kankan, èyí ni wọ́n ń pè ní CPPS, ìyẹn ìrora ìsàlẹ̀ ìbàdí tó ti pẹ́ lára. Ìkẹrin kì í dun ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn máa ń ṣèèṣì rí i nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan míì ni, wọn kì í sì í sábà tọ́jú ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tí ìrora próstéètì ń bá fínra, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó jẹ́ ìkẹta yìí ni tiwọn. Ìkejì, tó jẹ́ pé òun gan-an ni antibáyótíìkì wà fún, kò tó mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà ẹ fi wé iye antibáyótíìkì tí wọ́n ń kọ fáwọn èèyàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró nílé

Tí ara yín bá gbóná tí òtútù sì ń mú yín pẹ̀lú ìrora yẹn, tí ìtọ̀ ò bá jáde mọ́ rárá tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ikùn ń wú ni, tí ẹ̀ ń bì tí ojú sì ń ṣú yín, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀la. Èyí tó dé lójijì yẹn lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Tí irú ẹ̀ bá sì ń ṣe yín, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tẹ próstéètì yín tàbí kó wọ́ ọ, torí ó lè ti kòkòrò wọnú ẹ̀jẹ̀. Kóró ẹpọ̀n kan tó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dunni gan-an, pàjáwìrì lòun náà, kóró yẹn lè ti yí po, wákàtí díẹ̀ péré ló sì wà láti gbà á là. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, rírù láìnídìí, ẹsẹ̀ tó ń kú tàbí ojú abẹ́ tí ò mọ nǹkan kan lára mọ́, àwọn yìí náà ò ṣe é fi ṣeré.

Ìgbésẹ̀ 3: Tẹ́ẹ̀sì tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè fún

Kẹ́ ẹ tó gbé hóró antibáyótíìkì kankan mì, ẹ ní kí wọ́n ṣe culture ìtọ̀ yín, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbin ìtọ̀ yẹn ní láàbù, kí wọ́n wo kòkòrò tó máa hù, kí wọ́n sì dán oògùn wò lára ẹ̀ láti mọ èyí tó máa pa á. Tẹ́ ẹ bá ti gbé oògùn mì tẹ́lẹ̀, èsì ẹ̀ lè má ṣe é gbára lé mọ́. Ẹ ní sùúrù fún un, èsì ẹ̀ máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí kò bá sì sí ibà lára yín, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ò ní pa yín lára.

Èyí tó wá dáa jù fún ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ni tẹ́ẹ̀sì ife méjì. Ní 1968, àwọn dókítà méjì, Meares àti Stamey, gbé tẹ́ẹ̀sì ife mẹ́rin jáde, ó dáa ṣùgbọ́n wàhálà ẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ dókítà ò ṣe é mọ́, ife méjì ni wọ́n wá sọ ọ́ di. Bó ṣe rí lára mi rèé: nọ́ọ̀sì ní kí n má tọ̀ kí n tó wá, mo dé ibẹ̀, mo fọ ojú ibẹ̀, mo jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, mo gba ti àárín sínú ife kìíní. Dókítà wá ní kí n tẹ̀, kí n fọwọ́ lé bẹ́ẹ̀dì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi òróró sí i, ó ti ìka bọ inú ìdí mi, ó wá rọra ń tẹ próstéètì náà láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà apá òsì, bí ìṣẹ́jú kan. Kò dùn mọ́ni, mi ò ní parọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n tọ̀ sára, àmọ́ kò pẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ mo tọ ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ife kejì. Tí kòkòrò bá wà nínú ife kejì tí ò sí nínú ti àkọ́kọ́, tàbí tó pọ̀ níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, inú próstéètì ló ń gbé nìyẹn. Tèmi, kò sí nǹkan kan nínú méjèèjì. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí antibáyótíìkì kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún bèèrè tẹ́ẹ̀sì àwọn àìsàn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni, pàápàá klamídíà, torí culture lásán kì í rí i. Kí wọ́n sì wo bóyá ìtọ̀ ń ṣẹ́ kù sínú yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tọ̀ tán, skáànù ló máa ń fi ìyẹn hàn.

Ti PSA ńkọ́, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wò bóyá àmì jẹjẹrẹ próstéètì wà? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ibẹ̀ bá ń wú lọ́wọ́ kẹ́rù wá bà yín, wíwú nìkan tó láti gbé nọ́ńbà yẹn sókè. Ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀, kí wọ́n tún un wò, tó bá ṣì ga nígbà yẹn, ó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e dáadáa. Àmọ́ wíwú próstéètì kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹ jẹ́ kọ́kàn yín balẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ra ìwé kan

Èyí rọrùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é. NIH ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní NIH-CPSI, ọdún 1999 ló jáde, ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀, òkè máàkì ẹ̀ sì jẹ́ 43: ìrora ní 21, ìtọ̀ ní 10, bí ayé ṣe rí fún yín ní 12. Bí máàkì ṣe ń ga ni ìyà ṣe ń pọ̀. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ kọ máàkì ẹ̀ sínú ìwé tẹ́ ẹ rà yẹn. Tí oògùn kan bá fi máàkì mẹ́fà dín in kù, oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá lo nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí ò dín kankan, ẹ bá dókítà sọ ọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀.

Lójoojúmọ́, ìlà kan péré tó: ìrora láti òdo dé mẹ́wàá, iye ìgbà tẹ́ ẹ tọ̀, bẹ́ ẹ ṣe jókòó pẹ́ tó, ohun tẹ́ ẹ mu, bóyá ẹ rí ìgbẹ́ yà, bóyá wàhálà wà lọ́kàn yín. Lẹ́yìn oṣù méjì mo wo ìwé tèmi, mo wá rí i pé nínú ìgbà mẹ́rin tó tún dé, ìgbà mẹ́ta ló jẹ́ pé mo ti jókòó ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ìgbẹ́ mi sì ti le. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kì í ṣe lọ́jọ́ kan ló ń dé, àwa la ò máa ń kíyè sí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Tó bá jẹ́ pé kòkòrò ni lóòótọ́

Tí láàbù bá rí kòkòrò, ẹ tọ́jú ẹ̀ dójú àmì. E. coli ló wọ́pọ̀ jù, Klebsiella, Proteus àti Enterococcus náà máa ń wà níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo antibáyótíìkì ló ń wọ inú próstéètì. Amoxicillin kì í wọlé dáadáa, nitrofurantoin tó dáa fún àìsàn ìtọ̀ lásán kì í dé ibẹ̀ tó bó ṣe yẹ, ìdí ẹ̀ rèé tí èèyàn fi máa ń lò wọ́n tí ara á yá fún ọ̀sẹ̀ kan, tó tún máa padà. Àwọn tó ń wọlé ni ciprofloxacin àti levofloxacin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò ó, tàbí trimethoprim tàbí co-trimoxazole, tí tiwọn lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ klamídíà, doxycycline tàbí azithromycin ni, ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn lẹ jọ máa lò ó. Fún kòkòrò tó ti ya olóríkunkun sí gbogbo ìyẹn, àwọn dókítà kan máa ń lo fosfomycin.

Ẹ má dá oògùn dúró lọ́jọ́ kẹwàá torí pé ara ti yá. Àmọ́ ẹ tún gbọ́ eléyìí o: ciprofloxacin àti àwọn ẹbí ẹ̀ ní ewu tiwọn. Láti 2008 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ń kìlọ̀ pé wọ́n lè já iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tàbí tó ń lo oògùn steroid, wọ́n sì tún fi ìkìlọ̀ kún un ní 2016 àti 2018, lórí nááfù, lórí ọpọlọ àti lórí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Tí gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń ta yín ṣinṣin, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Èyí gan-an ló ń dùn mí nígbà tí mo bá rántí àwọn ẹ̀ẹ̀mẹfà tèmi, mo fi ara mi sínú gbogbo ewu yẹn nítorí kòkòrò tí ò sí níbẹ̀.

Tí kòkòrò bá ń padà ṣá lẹ́yìn tẹ́ ẹ lo oògùn tó tọ́ pé, dókítà lè fi yín sórí ìwọ̀n kékeré lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, tàbí kó wo bóyá òkúta wà nínú próstéètì níbi tí kòkòrò ń sá sí. Iṣẹ́ abẹ máa ń wáyé, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló wà fún, wọn kì í ṣe é torí ìrora nìkan.

Ìgbésẹ̀ 6: Tí kò bá sí kòkòrò

Ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa rèé. Ní 2004, wọ́n dán ciprofloxacin àti tamsulosin wò lára ọkùnrin 196 tí irú èyí ti ń ṣe tipẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, wọn ò sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní hóró oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú lọ. Ìyẹn ò wá túmọ̀ sí pé kò sí oògùn o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé oògùn kan ò lè bá gbogbo èèyàn mu, torí ohun tó ń fa ìrora lára èmi lè má jẹ́ òun ló ń fà á lára yín. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹnì kan tí ò tíì lo antibáyótíìkì rí, dókítà lè dán an wò lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, ìkejì àti ìkẹta ò ní ìtumọ̀.

Ní 2009, Shoskes àti Nickel, dókítà méjì tó mọ àìsàn yìí dunjú, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Kánádà, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní UPOINT. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé kí dókítà wo ojú ilẹ̀kùn mẹ́fà: ìtọ̀, ọkàn, próstéètì fúnra ẹ̀, kòkòrò, nááfù, àti àwọn ẹran ìsàlẹ̀ ìbàdí. Èyí tó bá ṣí sílẹ̀ ni kó tọ́jú, tí mẹ́ta bá ṣí, kó tọ́jú mẹ́ta pa pọ̀. Ẹ lè sọ fún dókítà yín pé báyìí lẹ fẹ́ kó wò yín.

Ti ìtọ̀: tí ìtọ̀ bá ń já, tí kì í jáde tán, tẹ́ ẹ̀ ń dìde lóru, tamsulosin tàbí alfuzosin lè tú ẹnu àpò ìtọ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Ó lè mú kí òòyì kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde lójijì, torí náà ẹ máa lò ó lálẹ́, ó sì lè mú kí àtọ̀ dín kù tàbí kó má jáde mọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe tán, kò pa yín lára, tẹ́ ẹ bá dáwọ́ ẹ̀ dúró á padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ẹ sọ fún dókítà ojú pé ẹ ti lo oògùn yìí rí.

Ti próstéètì: oògùn tó ń mú wíwú lọlẹ̀ bí ibuprofen, fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Kì í ṣe oògùn tèèyàn ń lò láti oṣù dé oṣù, ó ń ṣe inú àti kídìnrín níbi, ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú kó má fọwọ́ kàn án láìsọ fún dókítà. Àwọn kan máa ń lo quercetin, èròjà kan tó wà nínú èso àti ẹ̀fọ́, àti èròjà tí wọ́n ṣe láti ara ìyẹ̀fun òdòdó, ìwádìí wà lẹ́yìn méjèèjì tó fi hàn pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́, ìwádìí ọ̀hún ò pọ̀, àmọ́ ewu wọn náà ò pọ̀.

Ti nááfù: tí ìrora bá ń jó bí iná, tó ń ta dé itan tàbí dé ẹ̀yìn, dókítà lè fún yín ní amitriptyline ní ìwọ̀n kékeré lálẹ́ tàbí pregabalin. Méjèèjì ń mú oorun wá, ẹ má fi wa mọ́tò títí ẹ ó fi mọ bó ṣe ń ṣe yín.

Ibi tí mo fẹ́ dúró lé ni ti àwọn ẹran ìsàlẹ̀ ìbàdí, torí ibẹ̀ ni ìwòsàn tèmi ti wá, ibẹ̀ gan-an ni ò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ẹran kan wà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ìbàdí wa bí ẹní, láti egungun iwájú dé egungun ìdí, àwọn ló gbé àpò ìtọ̀ àti próstéètì dúró. Tí ìrora bá ti pẹ́ níbẹ̀, tàbí tí àníyàn bá pọ̀, wọ́n máa ń fún pọ̀, wọ́n á fún pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ tẹ́nì kan di tí kò tú u sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ di ẹ̀ṣẹ́ yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń ro yín. Báyẹn ló ṣe rí nísàlẹ̀, ìrora yẹn á tún mú kó fún pọ̀ sí i.

Ẹ wá fisioterapísìtì tó mọ iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ìbàdí, kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ó máa fi ìka wá ibi tó le nínú àwọn ẹran yẹn, á tẹ̀ ẹ́, á dúró lé e títí á fi rọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ kan tèmi, ìrora tó dé orí okó mi ni mo gbọ́, èyí tí mo ti ń pè ní kòkòrò látọjọ́ yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó tún kọ́ mi ní èémí tí mo ṣì ń ṣe dòní: ẹ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga, kí orúnkún yín ká bí ẹni tó jókòó. Ọwọ́ kan láyà, ọwọ́ kan níkùn. Ẹ fa èémí gba imú wọlé títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, ọwọ́ ikùn ló gbọ́dọ̀ gbéra, ti àyà ò gbọ́dọ̀ mì. Bí èémí ṣe ń wọlé, ẹ ronú pé ihò ìdí yín ń ṣí wẹ́rẹ́ bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, ẹ má fipá tì í o, ẹ kàn tú u sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èémí jáde fúnra ẹ̀ títí ẹ ó fi ka mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ mi ò rí nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ṣàkíyèsí pé mo jókòó parí ìpàdé kan láì sún kiri.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa ṣe Kegel, ìyẹn ni fífún ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Tó bá jẹ́ pé ẹran tó ti fún pọ̀ jù ló ń ṣe yín, Kegel á dá kún un. Èmi ṣe é fún oṣù kan, mo sì jìyà ẹ̀.

Ti ọkàn: kò sẹ́ni tó sọ pé orí yín lẹ ti ń rò ó. Ìrora yẹn jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ìrora tó pẹ́ máa ń mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá, ìrẹ̀wẹ̀sì náà á sì mú kí ìrora le sí i, ẹni tó ń lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì láago méjì òru pé ṣé jẹjẹrẹ ni, ara ẹ̀ ò lè balẹ̀. Ẹ bá oníṣègùn tó ń tọ́jú ìrònú àti ìrẹ̀wẹ̀sì sọ̀rọ̀ tó bá ti ń gba oorun àti iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Tí èrò pé kẹ́ ẹ kúkú kú bá ti ń wá sọ́kàn, ẹ sọ fẹ́nì kan lónìí, ẹ má dá gbé e.

Yàtọ̀ sí oògùn, ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń gún sára láìsí oògùn nínú ẹ̀, ọkùnrin 440 ni, ogún ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn fún, níbi tí ti àwọn tí wọ́n kàn ṣe bí ẹni gún ti jẹ́ bíi mẹ́tàdínlógójì. Ìyàtọ̀ yẹn ò kéré. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbá ibẹ̀ látìta náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ẹ bi dókítà yín bóyá ó wà nítòsí.

Ìgbésẹ̀ 7: Lọ́jọ́ tó bá tún dé

Ó máa tún dé, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Ẹ jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, omi ọ̀hún ò gbọ́dọ̀ jó yín. Ẹ ṣe èémí yẹn. Ẹ lo ibuprofen fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tí inú yín bá gbà á. Ẹ má mu ọtí, ẹ dín kọfí àti ata kù fún ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ mu omi bó ṣe yẹ, ẹ má wá torí ìtọ̀ tó ń ta fi òùngbẹ gbẹ ara yín, ìtọ̀ tó bá ki ló ń ta jù. Ẹ gbé ìtọ̀ lọ sí láàbù. Ẹ wá dúró de èsì. Tí ibà bá dé, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2.

Láàárín ìgbà tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ máa dìde lórí àga ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi tìmùtìmù tó ní ihò láàárín sórí ẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ gígùn sílẹ̀ ná tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìjókòó ẹ̀. Ẹ máa rìn kíákíá: ìwádìí kan ní 2007 kó àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe eré ìdárayá jọ fún ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún, àwọn tó ń rìn kíákíá déédéé sàn ju àwọn tó kàn ń na ara lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ le, èso, ẹ̀fọ́ àti omi ló ń ṣe é, ẹ má fipá yà á.

Ti ìbálòpọ̀, ó máa ń dun àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, ó sì ń tu àwọn míì lára, ìwé yín ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó yín. Èmi ò sọ ọ́ fún odindi ọdún kan, ìyàwó mi ti rò pé mo rí ẹlòmíì níta, kò mọ̀ pé ẹ̀rù ìrora ló ń bà mí. Irú èyí tí ò ní kòkòrò yìí kì í ràn án, àyàfi tí láàbù bá rí klamídíà tàbí irú ẹ̀.

Àwọn tó ń polówó ohun tó máa lé e lọ pátápátá láàárín ọjọ́ méje, ẹ má fowó yín fún wọn, pàápàá tí wọn ò bá kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sára ìgò.

Tẹ́ ẹ bá ń padà lọ rí dókítà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ gbé ìwé yẹn dání, ẹ ṣí i sójú ibi tí máàkì wà, kẹ́ ẹ sì gbé gbogbo èsì láàbù lé e lórí kó lè rí i fúnra ẹ̀. Tó bá tún mú bírò láti kọ antibáyótíìkì, ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kòkòrò wo la fẹ́ pa?"